Èèpo Kòkó, Ìyẹ̀fun Irin àti Òòfà

Ní àgbègbè Ìyànà Ọ̀fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ìwó, kò sí ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ òkìtì èèpo kòkó. Nígbà tí ìkórè bá dé, tí a bá ti la kòkó, tí a sì ti kó hóró rẹ̀ lọ fi ewé bò kí ó tó di sísá sí oòrùn, èèpo náà a kù sílẹ̀ nínú oko. Bí a bá pín ìwọ̀n odidi èso kòkó sí ọ̀nà mẹ́wàá, èèpo yìí nìkan kó nǹkan bí méje nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan a fi í sílẹ̀ kí ó jẹrà níbẹ̀; kò sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi a máa fi irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ṣe ibùgbé. Àwọn mìíràn a sun ún di eérú, wọn a sẹ́ omi rẹ̀, wọn a sì fi se ọṣẹ dúdú. Ó ti pẹ́, nígbà náà, tí àwọn ará àgbègbè yìí ti mọ̀ pé ohun tí a dà nù lára kòkó kì í ṣe ohun òfo.

Láyé òde òní, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí iṣẹ́ mìíràn fún omi irú èèpo bẹ́ẹ̀, àti fún omi oríṣiríṣi ewé, egbò àti èso. Wọ́n ń fi í ṣe aṣọ fún ìyẹ̀fun irin tí òòfà lè fà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ìyẹ̀fun yìí kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Wọ́n ní ó ń pa kòkòrò àrùn. Wọ́n sì tún ní ó ń gba ohun alààyè lọ́wọ́ ìbàjẹ́ kan tí ó jọ ìpẹtà. Bí a óò ti rí i níwájú, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí dà bí ẹni pé wọ́n tako ara wọn. Bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe lè wà lọ́wọ́ ohun kan ṣoṣo, àti ibi tí ìmọ̀ náà dé dúró, ni àlàyé yìí wà fún.

Agbára ohun kékeré

Kí a mú mítà kan, kí a pín in sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún: ọ̀kan nínú rẹ̀ ni mìlímítà, èyí tí ó wà lára rúlà ọmọ ilé-ìwé. Kí a tún pín mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan: ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Ìnípọn irun orí ènìyàn a máa tó nǹkan bí 80,000 nánómítà. Kòkòrò àrùn tí ń mú kí egbò kẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,000 lọ. Ẹ̀rún tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kì í sábà ju 100 lọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì tó 20. Nítorí náà ni a ṣe lè pè é ní ẹ̀rún nánò.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1959 ni Richard Feynman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò sí òfin àdánidá kan tí ó ní kí ènìyàn má lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ to átọ̀mù jọ bí ó bá ti wù ú. Ní 1974, Norio Taniguchi, ará Japan, fún irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é báyìí.

Kí ni ohun kékeré ní tí ohun ńlá kò ní? Ẹni tí ó bá ń ṣe gàrí mọ ìdáhùn rẹ̀. Odidi ẹ̀gẹ́ a pẹ́ kí ó tó gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tí a bá rin kì í pẹ́ rárá. Bí nǹkan bá ti ń di wẹ́wẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ojú tí afẹ́fẹ́ àti omi lè fi kàn án ń pọ̀ sí i. Kí a ro irin kan tí ó rí bíi ṣúgà onígun, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan. Ojú mẹ́fà ni ó ní, gbogbo rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ojú èékánná mẹ́fà lọ. Bí a bá gé irin kan náà títí ẹ̀gbẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan fi di 10 nánómítà, àpapọ̀ ojú wọn a di 600 mítà onígun mẹ́rin. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilẹ̀ ilé kan tí ó fẹ̀ ní 60 ẹsẹ̀ bàtà tí ó sì gùn ní 120. Irin kò lé, bẹ́ẹ̀ ni kò dín. Ojú iṣẹ́ rẹ̀ ni ó pọ̀.

Irin tí ń gbọ́ràn sí òòfà lẹ́nu

Inú ọ̀rọ̀-ìṣe fà ni òòfà ti jáde wá: ohun tí ń fa nǹkan mọ́ra. Ó lè jọ Ọ̀fà tí ó wà nínú Ìyànà Ọ̀fà létí àlejò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kì í ṣe gbogbo ohun tí irin wà nínú rẹ̀ ni òòfà ń fà dáadáa. Ìpẹtà pupa tí ó wà lára àdá àtijọ́, agbára káká ni òòfà fi ń mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó ń fà gidigidi ni irin dúdú kan tí átọ̀mù irin mẹ́ta inú rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ átọ̀mù ọ́síjìn mẹ́rin. Olùkọ́ tí ó bá ti òòfà bọ inú yanrìn odò tí ó gbẹ lè rí eérún dúdú tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Irin dúdú yìí ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀.

Láti fi ọwọ́ ṣe é, a ó yọ́ oríṣi iyọ̀ irin méjì sínú omi, kí ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì. A ó wá máa kán omi ammonia tàbí omi sódà sí i. Lójú kan náà, omi náà a ṣókùnkùn, ìyẹ̀fun dúdú a sì rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ará Faransé kan tí ń jẹ́ René Massart ni ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà yìí ní 1981, òun ni púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwádìí ṣì ń tọ̀ títí di òní. Ẹbí kan náà ni agbára tí ó wà nínú ammonia àti sódà jẹ́ pẹ̀lú agbára tí ó wà nínú omi eérú, èyí tí ń mú kí omi eérú yọ̀ lọ́wọ́, tí ó sì ń sọ epo di ọṣẹ.

Ènìyàn kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rún bẹ́ẹ̀. Ní 1975, Richard Blakemore ní Amẹ́ríkà kéde bakitéríà kan tí ń gbé inú ẹrẹ̀, tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ tọ ipa òòfà ilẹ̀ ayé. A rí i pé ẹ̀rún irin wà nínú ara rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí a yẹ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wò síwájú sí i, a rí i pé awọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bo ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan.

Ìwà kan tún wà lára ẹ̀rún yìí tí ó ṣe pàtàkì. Abẹ́rẹ́ tí a bá fi ra òòfà lára léraléra a di òòfà fúnra rẹ̀, a sì máa fa abẹ́rẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rún irin dúdú tí kò tó nǹkan bí 20 nánómítà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òòfà bá sún mọ́ ọn, a dìde sí i. Bí òòfà bá kúrò, a gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Nítorí náà a lè kó o jọ nígbà tí a bá fẹ́, kí a sì tún tú u ká.

Ṣùgbọ́n ìhòòhò kò dára fún un. Ẹ̀rún tí kò ní aṣọ a máa so mọ́ ara wọn títí wọn a fi di kóókó, ojú iṣẹ́ tí a ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan a sì dín kù. Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú a máa bá a jà, dúdú rẹ̀ a sì máa di àwọ̀ ilẹ̀. Èyí ni ó mú kí a wá aṣọ fún un.

Aṣọ tí ewé fi wọ irin

Bí a bá fi ọ̀bẹ irin bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tútù, ojú ọ̀bẹ náà a dúdú. Àwọn obìnrin tí ń din ìpékeré mọ èyí dáadáa. Ohun tí ó fà á ni pé ẹ̀yà kan wà nínú oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó máa ń di irin mú, tí kì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní pólífẹ́nọ́ọ̀lù. Òun ni ó ń mú kí obì fa ẹnu pọ̀, ó wà nínú tíì, ó wà nínú ewúro àti efinrin, ó sì wà nínú èèpo kòkó. Lójú igi, ohun ìjà ni ó jẹ́ sí kòkòrò àti ẹran tí yóò jẹ ewé rẹ̀.

Ìwà dídi irin mú yìí ni a ń lò. A ó sá ewé tàbí èèpo náà, a ó gún un, a ó sè é nínú omi, a ó sì sẹ́ ẹ. A ó da omi rẹ̀ mọ́ irin, yálà kí ìyẹ̀fun tó rọlẹ̀ tàbí lẹ́yìn náà. Pólífẹ́nọ́ọ̀lù a fi ọwọ́ kan di ara irin mú, èkejì a sì kọjú sí omi, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀rún kan fara kan ẹ̀rún ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, a ó gbé òòfà sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, ìyẹ̀fun a lẹ̀ mọ́ ògiri ìgò náà, a ó da omi nù, a ó ṣan ìyẹ̀fun, a ó sì gbẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ti se àgbo rí mọ ìdajì iṣẹ́ yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kù fún un ni wíwọn nǹkan bó ti yẹ, àti kíkọ ohun tí ó wọ̀n sílẹ̀.

Ọwọ́ tí ń bá ọmọ wí àti ọwọ́ tí ń fà á mọ́ra

Iṣu tí a bá gé sílẹ̀ a yí àwọ̀ padà. Irin tí òjò pa a dípẹtà. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Nínú ara ènìyàn pẹ̀lú, níbi tí ara ti ń fi ọ́síjìn sun oúnjẹ kí ó lè ní agbára, àwọn ẹ̀rún kan a máa jáde tí a lè pè ní ẹ̀rún oníjà. Méjì-méjì ni ẹlẹ́kítíróònù máa ń rìn. Èyí tí ó wà lára ẹ̀rún oníjà pàdánù ìkejì rẹ̀, ó sì ń já ti ẹlòmíràn gbà. Ẹni tí a já tirẹ̀ gbà a di oníjà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ìjà náà a máa ràn kálẹ̀. Pólífẹ́nọ́ọ̀lù lè yọ̀ǹda tirẹ̀ fún oníjà láì di oníjà, ìjà a sì parí. Èyí ni iṣẹ́ adènà-ìpẹtà. Láti dán an wò, àwọn onímọ̀ a máa lo omi àlùkò kan tí ó kún fún ẹ̀rún oníjà. Bí ohun tí a dà sí i bá jẹ́ adènà-ìpẹtà, àlùkò a ṣá, a sì di ìyeyè.

Irin, ní tirẹ̀, a máa dá irú ìjà yìí sílẹ̀. Ní 1894, Henry Fenton, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irin bá pàdé hydrogen peroxide, omi tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a wá mọ̀ pé ìpàdé náà ń bí ẹ̀rún oníjà tí ó le jù lọ. Hydrogen peroxide díẹ̀ wà nínú ara bakitéríà fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀rún irin bá lẹ̀ mọ́ ògiri ara bakitéríà, tí irin díẹ̀ sì yọ́ wọlé, ìjà a bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, ògiri a lu, ẹ̀dá náà a sì kú. Láti mọ̀ bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a ó gbin bakitéríà sórí oúnjẹ dídì nínú àwo pẹlẹbẹ, a ó gbẹ́ ihò kékeré sí i, a ó sì fi ìyẹ̀fun náà sínú ihò. Bí ó bá ń pa á, àyíká ihò a mọ́ rokoṣo, a ó sì fi rúlà wọn bí ó ti fẹ̀ tó.

Ibí yìí ni ìdíjú wà: ẹ̀yà kan lára ẹ̀rún yìí ń dá ìjà sílẹ̀, èkejì ń parí rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Irin ni ọwọ́ tí ń bá ni wí, aṣọ ewé ni ọwọ́ tí ń fà ni mọ́ra. Èyí tí yóò sì lágbára jù dúró lórí ìwọ̀n tí a lò, bí aṣọ náà ti nípọn tó, àti ibi tí ẹ̀rún náà bọ́ sí. Kódà, pólífẹ́nọ́ọ̀lù tí ó bá pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìjà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ìyẹ̀fun òun ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ sọ ìwọ̀n tí ó fi ṣe èkíní àti ìwọ̀n tí ó fi ṣe èkejì. Bí ìwọ̀n tí ń pa bakitéríà bá pọ̀ tó èyí tí ń ba ẹran ara ènìyàn jẹ́, ọwọ́ tí ń bá ọmọ wí ti di ọwọ́ tí ń pa ọmọ.

Iṣẹ́ tí a ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́

Irú ìwádìí báyìí kò jìnnà sí ilé. Ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, ní Ògbómọ̀ṣọ́, a dá ẹgbẹ́ olùwádìí kan sílẹ̀ ní 2014 lórí ẹ̀rún nánò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí, sì ni aṣáájú rẹ̀. Ní 2016 wọ́n tẹ ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe fi omi èèpo kòkó ṣe ẹ̀rún nánò fàdákà. Wọ́n dán an wò lórí bakitéríà, wọ́n dán an wò bí adènà-ìpẹtà, wọ́n sì dán an wò lórí ìdin ẹ̀fọn. Wọ́n tún pò ó mọ́ ọ̀dà ilé láti wò bóyá kòkòrò àìfojúrí yóò lè hù nínú rẹ̀. Wọ́n ti lo èèpo obì àti òwú aláǹtakùn pẹ̀lú.

Fàdákà ni a sọ yìí, òòfà kì í sì í fa fàdákà. Bí ó bá jẹ́ ti pípa kòkòrò nìkan ni, fàdákà lágbára ju irin dúdú lọ. Ohun tí irin fi ń borí ni pé ó ṣeé pè padà. Ẹ̀rún fàdákà tí a dà sínú omi kò rọrùn láti kó jáde. Ẹni tí ó bá mu omi náà lè mu fàdákà pẹ̀lú. Ẹ̀rún irin, lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a lè gbé òòfà sí ẹ̀gbẹ́ àgbá, kí a sì fà á jáde. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kan fi ń lẹ fàdákà mọ́ irin, kí èkíní lè pa kòkòrò, kí èkejì sì lè kó ẹgbẹ́ rẹ̀ padà wálé. Fún ìletò tí kànga jẹ́ orísun omi wọn, ìrètí tí ó wà nínú èyí kò kéré. Ṣùgbọ́n omi tí ojú rí pé ó mọ́ kò tíì di omi mímu. A gbọ́dọ̀ wọn irin àti fàdákà tí ó ṣẹ́kù sínú rẹ̀.

Ohun tí ó wà láàárín àwo àti ara ènìyàn

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan gbogbo ènìyàn ni pé kòkòrò àrùn ti ń kọ́ bí a ti í bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Ẹni tí ó bá ra kápúsù mẹ́rin lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, tí ó sì dá a dúró nígbà tí ara bá fúyẹ́, ń ran àwọn kòkòrò náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2022 nínú ìwé àtìgbàdégbà The Lancet ṣírò pé ní 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn ni àkóràn tí oògùn kò ràn pa jákèjádò ayé. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ó le jù sí: nǹkan bí 27 ènìyàn nínú 100,000 kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ohun ìjà tuntun kì í fi àkókò ṣòfò.

Síbẹ̀, pípa bakitéríà nínú àwo kì í ṣe ìwòsàn. Ọtí líle àti omi gbígbóná pẹ̀lú ń pa bakitéríà nínú àwo. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rún tí ó lè wọ inú ara kòkòrò lè wọ inú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ènìyàn. A gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó ń lọ, iye ọjọ́ tí ó ń lò níbẹ̀, àti ọ̀nà tí ó ń gbà jáde. Ewé pẹ̀lú kì í dúró lójú kan: ewé ìgbà òjò yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀rùn, ewé ilẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ mìíràn. Nítorí náà aṣọ tí irin wọ̀ lónìí lè má jẹ́ èyí tí yóò wọ̀ lọ́la.

Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí ń jẹ́ ferumoxytol, èyí tí í ṣe ẹ̀rún nánò irin tí a fi ohun kan tí ó bá ṣúgà tan wọ̀ láṣọ, fún aláìsàn kíndìnrín tí irin kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti dán an wò lára ènìyàn, tí a sì kọ ewu rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àǹfààní rẹ̀, ni ó tó di oògùn. Ní Nàìjíríà, NAFDAC, tí a dá sílẹ̀ ní 1993, ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Títí di ìgbà náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mu ìyẹ̀fun irin nítorí pé ewé tí a fi wọ̀ ọ́ láṣọ jẹ́ ewé tí a ń fi se ọbẹ̀.

Fún àwọn olùkọ́, ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi hàn, nínú iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ṣe nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tí ó ti rí ojú ọ̀bẹ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ di dúdú, tí ó ti rí omi eérú tí ń sọ epo di ọṣẹ, tí ó sì ti fi òòfà wá irin nínú yanrìn, ti fi ojú ara rẹ̀ rí mẹ́ta nínú ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí kí ó tó kúrò lábúlé. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi kún un ni orúkọ tí yóò máa pè wọ́n, àti àṣà kí a béèrè, nígbàkígbà tí a bá sọ pé ohun kan ń pa kòkòrò: Mélòó ni ìwọ̀n rẹ̀? Níbo ni a ti dán an wò? Kí ni ó ṣe sí ara ènìyàn?